Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Tí Ọ̀dà Fi Gbẹ

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá tí mo ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ mi obìnrin ni mo rí i pé ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Kẹ̀kẹ́ tuntun ni. Àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni mo sì tú bébà tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ọmọ náà ń ránṣọ níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé, ó tó máìlì mẹ́ta sí ilé wa. Lọ́jọ́ tí mo fà á lé e lọ́wọ́, mo sọ fún un pé ẹni tó bá tọ́jú irin, irin á tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, mo gbọ́." Mo gbà pé ó gbọ́.

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe. Kì í ṣe ti ara ògiri, ti irin ni: kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀dì, géètì, àga. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Tí ọ̀dà bá ṣí lára irin, mo lè sọ ohun tó ṣí i. Òógùn ọwọ́ máa ń sọ ọ̀dà di rírọ̀ kó tó bó. Wáyà ìjánu máa ń há ojú kan ṣoṣo, bí ẹni fi abẹ fà á. Ìpẹtà máa ń wú láti abẹ́ wá. Aṣọ, bàtà, okùn, yanrìn, kálukú ló ní bó ṣe ń fọwọ́ kan ọ̀dà. Tí oníbàárà bá dá kẹ̀kẹ́ padà pé ọ̀dà rẹ̀ ò dáa, èmi ni àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ máa ń pè. Mo máa gbé e sínú oòrùn, mo máa fi èékánná àtàǹpàkò wo etí ibi tó ṣí, mo máa sọ ẹni tó jẹ̀bi. Wọn kì í bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi àti ọmọ yìí nìkan ló kù nínú ilé. Ó ti pé ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú. Ohun tó lé e lọ kò ju agolo ọ̀dà kan lọ. Ó gbàgbé láti dé e, ọ̀dà náà di awọ, mo sì pè é ní apà níwájú oníbàárà mẹ́ta. Ó ní òun ò tún ní tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́ láyé. Èmi náà ní mi ò ní wá a lọ, àfi tó bá kọ́kọ́ ránṣẹ́. Kò ránṣẹ́. Mi ò lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, ti àwa méjèèjì ti fọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó ṣà á. Ọmọ wa máa ń lọ kí i lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò ní kó má lọ, mi ò sì bi í léèrè tó bá dé. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni mo fẹ́ láyé, ohun kan ṣoṣo ni: kí obìnrin yẹn padà wálé, láìjẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Mo tiẹ̀ ti ha bẹ́ẹ̀dì wa, mo ti kùn ún lọ́tun dè é. Mi ò sọ fún ẹnì kan.

Ibi tí ọ̀dà kẹ̀kẹ́ náà ti ṣí, ẹ̀gbẹ́ òsì ni, lára páìpù tó lọ síbi àárín táyà ẹ̀yìn. Kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ. Ọ̀dà òkè ti tán níbẹ̀, ọ̀dà ìsàlẹ̀ ti ń dán. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò ṣí rárá, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ wà lókè díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì ń rùn bí ìpara. Mo rò pé ìpara irun ni. Mo fi kẹrosín nù ún, ó lọ.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá! Mo ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún mi. Kèékèé là ń pè é nítorí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó dé ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹni tó ń tún fáànù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà jókòó síta.

"Ọ̀gá Ọlọ́dà! Ẹ̀yin náà ti di oníbàárà tó ń ráhùn?"

"Wá wo ohun tí o tà fún mi."

Ó lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ náà. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tún wo òsì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n léjìká.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín, Ọ̀gá. Ká ní oníbàárà mi ló gbé e wá, kí lẹ máa wí?"

Mo fi èékánná àtàǹpàkò wo etí ibi tó ṣí.

"Ẹ wí i, ẹ má tijú. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Bàtà ni," mo ní.

"Bàtà ta ni? Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, orí pẹ́dà lẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Bàtà ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni, tó ń wá ibi tó máa fi gìgísẹ̀ tì. Ọ̀gá mi, ọmọ yín ti ń gbé àna yín kiri ìlú láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yin jókòó síbí, ẹ̀ ń bú ilé iṣẹ́ oníkẹ̀kẹ́!" Ó wá rín in tán: kèé, kèé, kèé. "Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló sì fi tì í. Àbí ẹlẹ́sẹ̀ kan ni àna yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alátùn-ún-ṣe fáànù ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Ọ̀gá. Ẹ kàn bi í bóyá gàráńtì bo àna."

"Gàráńtì ò bo ẹni méjì," ni Kèékèé wí. "Ìlà kẹrin nínú ìwé. Ẹ lọ kà á."

Mo ti kà á. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti dúró lórí ìbéèrè ẹsẹ̀ kan yẹn títí màá fi rí ìdáhùn. Èwo ni kí èèyàn jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tì? Kí ló ṣe èkejì? Irú ìbéèrè tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, ẹni tí ojú bá sì ń tì kì í ríran jìnnà. Mo ka àmì náà bó ṣe yẹ, mo wá fi í lé ẹni tí kì í ṣe òun lórí.

Nígbà tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti gbé kẹ̀kẹ́ náà sí àárín ilé. Mi ò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Ta lò ń gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yìí?"

Ó wo ibi tí mo na ọwọ́ sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

"Ọkùnrin ni?"

"Rárá o."

"Ta ni?"

"Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ."

"O ṣèlérí fún ara ìta pé wàá máa bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún bàbá rẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Túsìdeè àti Fúráìdeè lo máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. O ní iṣẹ́ ló pọ̀."

Omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ni lóòótọ́: tó bá ti pinnu láti dákẹ́, ó di òkúta. Ibi tó ti jogún rẹ̀ kò jìnnà.

Mo sọ fún un nígbà náà pé màá gba kẹ̀kẹ́ náà, màá ha gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ dànù, màá sì tún un kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ báyìí, nítorí mi ò rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún mi: ibi tó ṣí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọjọ́ kan tó láti tún un ṣe. Mo máa fi bébà tó ń ha irin kàn án díẹ̀, mo máa fi ọ̀dà méjì lé e, ká fi sílẹ̀ kó di àárọ̀, ó parí. Ohun tí mo máa ṣe fún àjèjì nìyẹn. Èmi tí mo lé ìyàwó mi nítorí agolo ọ̀dà kan, mo ha odindi ọ̀dà kẹ̀kẹ́ tuntun dànù kí ọmọ lè mọ̀ pé mo bínú.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n máa lò ó ní Túsìdeè àti Fúráìdeè nìkan. Àárọ̀ nìkan. Màá fi aṣọ wé gbogbo ara rẹ̀."

"Ọ̀dà tútù ò mọ Túsìdeè."

Ó kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀ bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí láti kékeré. "Ẹ dákun. Ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ̀ bá gbé e fún mi fúnra yín."

"Jẹ́ kí n mọ̀ nígbà náà."

Ó la ẹnu. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó tún pa ẹnu dé, ó dìde, ó wọlé. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú u palẹ̀.

Mi ò ṣe iṣẹ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ha á títí irin fi funfun. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ọjọ́ mẹ́ta pín wọn níyà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọ̀ ewé. Mo fi wáyà so ó kọ́ sí òkè àjà, níbi tí eruku ò lè dé. Alátùn-ún-ṣe fáànù wá wò ó, ó mi orí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ wa kẹ̀kẹ́ yìí ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó?"

"Iṣẹ́ tó bá yẹ ká ṣe, ó yẹ ká ṣe é dáadáa."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣáà má gbàgbé pé ọmọ yín ń fẹsẹ̀ rìn."

Ó ń fẹsẹ̀ rìn lóòótọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kìíní, mo gbọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn ní nǹkan bí aago mẹ́rin, kí àkùkọ tó kọ. Mo dùbúlẹ̀, mo ní lọ́kàn mi pé ẹni yòówù tó ń wá lọ yìí, ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́mìí. Lálaalẹ́ tó bá dé, ìbéèrè kan náà ni: "Bàbá, ṣé ó ti gbẹ?" Èmi náà, èsì kan náà: "Kò tíì gbẹ." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, ó fi ìka kan páìpù òkè láti mọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo dé, àmì ìka náà hàn kedere. Mi ò pariwo lé e lórí. Mo kàn fi bébà ha páìpù náà nù níṣojú rẹ̀, mo tún fi ọ̀dà lé e, mo ní, "Ọjọ́ mẹ́rin sí i." Ó dúró wò mí títí mo fi parí. Kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni kò ti jáde láàárọ̀ kùtù mọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tutù, pé ẹni náà ti wá ẹlòmíràn tí yóò máa gbé e kiri. Ọmọ náà kì í jẹun tán, ó ń rù, mo ní gbogbo wa la ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tá a wà ní ọmọdé, yóò kọjá.

Ọjọ́ tí mo ń fún ṣéènì rẹ̀ le, tí iṣẹ́ parí, ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yọ sí mi. Obìnrin tó ń ṣe ọṣẹ tà ni, kì í rìn síta lásán. Láti ọdún méjì, kò tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí mo rí i, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé ìyàwó mi ránṣẹ́. Ó ránṣẹ́ níkẹyìn.

"Bàbá ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Mi ò ní jókòó." Ó ń wo kẹ̀kẹ́ náà. "Òun nìyí?"

"Òun ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ mọ iṣẹ́ yín, a ò lè gbà á lọ́wọ́ yín." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyàwó yín lánàá."

Mo ṣì di spánà mú. Mo bi í, "Ẹsẹ̀ wo?"

Mo ti mọ̀ kó tó dáhùn. Àmì òsì nìkan ló wà lára kẹ̀kẹ́. Àbàwọ́n ọ̀tún, oògùn egbò ni.

"Ọ̀tún," ó ní.

Ó wá sọ ọ́ fún mi lórí ìdúró, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ló mú ìyàwó mi láti ọdún tó kọjá. Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, bàtà gé e ní gìgísẹ̀ ọ̀tún, ojú ibẹ̀ kọ̀, kò san. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní oríta ni wọ́n ń wẹ egbò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan, ẹni tí kò bá sì dé kí aago méje tó lù, kò rí nọ́ńbà gbà. Máìlì méjì ni láti ilé wọn. Mọ́tò búrẹ́dì máa ń gbé e padà wálé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò kankan tó ń lọ láàárọ̀. Ìgbà tí mo ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ wa ni ọ̀nà là. Ó máa ń wa kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, á gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, á já a sílẹ̀ ní oríta, á wá kọjá síbi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ á fi ẹsẹ̀ òsì ti páìpù, á na èyí tí wọ́n di ní báńdéèjì síta kó má baà gbá nǹkan.

"Ó ń san, Bàbá ọmọ wa. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n níwájú mi. Kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ mọ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ ò sí. Túsìdeè àkọ́kọ́, ọmọ yẹn fẹsẹ̀ rìn wá, ó fà á lọ́wọ́ dé oríta. Wákàtí méjì ààbọ̀. Nọ́ńbà ti tán, egbò ti ṣẹ̀jẹ̀. Ní Fúráìdeè, ó yá bárò lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, ó tẹ́ tìmùtìmù sí i, ó gbé ìyá rẹ̀ sínú ẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń hó lé wọn. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà, ó ní kò sẹ́ni tó máa tún ti òun bí àpò sìmẹ́ǹtì. Èmi ni mo wá ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ nílé. Ọlọ́ṣẹ ni mí, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti dúdú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹnì kan ṣoṣo kó sọ fún mi!"

"Ìyá rẹ̀ ti fi ìlérí dè wá. Ó ní tí ọmọ yẹn bá fi lè sọ, òun ò ní jẹ́ kó gbé òun mọ́, kí ẹsẹ̀ náà kúkú jẹrà. Nígbà tá a sọ fún un pé ọ̀dà lẹ ń kun kẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ọ̀dà? Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀nà míì. Bàbá rẹ kì í kánjú ọ̀dà.'" Ó tún wo kẹ̀kẹ́ náà. "Kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹsẹ̀ ló ń lé òun bọ̀ wálé. Ó ní tó bá ti san, òun á fi ẹsẹ̀ ara òun rìn wá bá yín. Ó ti dájọ́. Ìparí oṣù yìí ni."

Mo gbé spánà sílẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ náà lọ.

Yàrá àwọn obìnrin ní ọsibítù tí wọ́n gbé ìyàwó mi sí gùn, bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ lápá kan, mẹ́jọ lápá kejì. Ọmọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tó rí mi, ó dìde, ó fi àga sílẹ̀ fún mi, ó gba ẹ̀yìn mi jáde láìkí mi. Ìyàwó mi ti gbẹ. Mi ò lè wo ibi tí aṣọ ìbora ti wálẹ̀ lójijì. Irin bẹ́ẹ̀dì ni mo ń wò. Ẹni tó kùn ún ò fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ sí i.

"Ọ̀gá Ọlọ́dà," ó ní. "Ẹ káàbọ̀."

Bàbá ọmọ mi ló máa ń pè mí. Orúkọ tó pè mí yẹn, ti àwọn oníbàárà ni.

"Mi ò mọ̀," mo ní.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ má bá ọmọ yẹn wí. Èmi àtẹ̀yin la jọ ṣe é."

"Ẹsẹ̀ tí mo..."

"Ẹ má sọ ọ́. Ó ti lọ."

Nọ́ọ̀sì wá wo ìgò omi tó so kọ́ lókè rẹ̀, ó lọ. Mo fa àga mọ́ ọn.

"Ìyá ọmọ mi, jẹ́ kí n mú ọ relé."

Ó wo òde láti ojú fèrèsé.

"Mo fẹ́ wá," ó ní. "Mo ti mọ aṣọ tí mo máa wọ̀. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, tí ọmọ yẹn bá ń gbé mi lọ, kó má baà lọ́ mọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó, mi ò rántí ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe fi oògùn oorun sí mi lára báyìí, mo jí, kò sí níbẹ̀."

"Kò dìgbà tó o bá sọ nǹkan kan. Ṣáà jẹ́ ká lọ."

"Kí n máa jókòó sílé yín, kẹ́ ẹ máa gbé mi gun àtẹ̀gùn mẹ́fà yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́? Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé mi ni màá máa rò pé àánú ni."

"Kì í ṣe àánú."

"Kí ni?"

Mo wá ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún apà, fún ọ̀lẹ, fún ẹni tó ń kánjú iṣẹ́. Mo lè sọ ohun tó ṣe irin láti òkèèrè. Àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù ti dákẹ́, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni:

"Mo ti kun bẹ́ẹ̀dì wa."

Ó yí ojú sí mi. "Ìgbà wo?"

"Ọdún tó kọjá. Mo kùn ún dè ọ́."

"Ọdún tó kọjá." Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ sí i lẹ́nu, ó sì di ẹkún kó tó tán. "Ẹ kun bẹ́ẹ̀dì, ẹ ò wá sọ fún mi."

"Mi ò sọ."

"Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì pé lọ́dún tó kọjá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò fà á gbà, kò sì dì mí mú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní àkókò ti tó, ó ní kí n máa lọ, pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni òun máa padà sí. Ó ní ibẹ̀ tẹ́jú. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ó fi máa ń sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé iyọ̀ ti tán nílé. Mo mọ̀ pé mi ò lè yí i padà.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ọmọ mi wá kó ẹrù rẹ̀. Ó ní òun máa lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun, kí ẹ̀gbọ́n ìyá òun lè ráyè se ọṣẹ. Mi ò bá a jiyàn. Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kó àpò rẹ̀ lé orí kárià, ó ń fi okùn tó le dì í. Okùn náà ń ha ọ̀dà tuntun bó ṣe ń fà á. Ọwọ́ mi ṣí kí n tó mọ̀, mo ti mú àkísà kan láti fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá."

Mo fi sílẹ̀.

"Ẹ bá mi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú kó má ṣubú."

Mo dì í mú. Ó dì í tán, ó gùn ún, ó ní ó dàbọ̀. Mo dúró lójú títì títí mi ò fi rí i mọ́.

Báyìí, ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ kí wọn. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín, máìlì mẹ́rin. Ìyàwó mi á ti wà lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, á ní kí wọ́n gbé àga fún mi, á béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo máa ń sọ ọ́ fún un. A máa ń sọ̀rọ̀ ọṣẹ, a máa ń sọ̀rọ̀ òjò. Tí oòrùn bá ti ń rẹ̀, á ní, "Ọ̀gá Ọlọ́dà, ẹ tètè máa lọ, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà." Mo máa ń dìde.